Irin Iwájú Ọkọ̀ Jẹ́jẹ́

Ọkọ̀ méjì ni ọkọ̀ náà kó tó di ẹyọ kan. Èmi àti ọkọ mi nìkan la mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi wá kú, ó ku èmi nìkan.

Píkọ́ọ̀pù ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń gbẹ lórí igi. Èyí àkọ́kọ́, ọwọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù ni ọkọ mi ti rà á. Wọ́n ti fi kọlu igi, iwájú rẹ̀ sì ti wọnú bí agolo tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí, kò sóhun tó ṣe é. Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó rí èkejì. Irú kan náà ni wọ́n, àfi pé èkejì fi ọdún méjì kéré sí àkọ́kọ́. Mo mọ̀ torí pé ọkọ mi sọ ọ́ lọ́nà tí mi ò fi lè gbàgbé. Ó ní, "Ọdún tí ọmọ wa ṣègbéyàwó ni wọ́n ṣe èyí, ọdún tó bímọ ni wọ́n ṣe tọ̀hún." Bí èmi ṣe máa ń ka ọdún nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló jóná kanlẹ̀. Iwájú rẹ̀ mọ́ roro, bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e jáde.

Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, wò wọ́n. Ọ̀kan ò lójú, èkejì ò nídìí."

Mo ní, "Kí lo wá fẹ́ fi àbùkù méjì ṣe?"

Ó ní, "Odidi kan."

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, ó sì tún mọ irin í jó pọ̀. Lásìkò tí mò ń wí yìí, ikọ́ ti ń bá a jà, gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ti gba òmìnira, kálukú ti lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Èmi ìyàwó ni mo wá di ọmọṣẹ́. Èmi ni mò ń di ìdí okùn ìwọ̀n mú. Á na okùn láti igun ọ̀tún níwájú sí igun òsì lẹ́yìn, á tún na án láti òsì sí ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá fi ìbú èékánná gùn ju èkejì lọ, á ní ká tú u, ká tún un ṣe. Tí iná bá ń ta pàrà lára irin, èmi ni mò ń gbé àpò tútù lé ibi tí kò yẹ kó gbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ṣe é. Nígbà tó parí, ẹ lè fọwọ́ ra abẹ́ ọkọ̀ yẹn láti orí dé ìdí, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá mú fáìlì, ó fi ha nọ́ńbà tó wà lára irin iwájú títí ó fi parẹ́. Nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn, ìyẹn ti ọkọ̀ àkọ́kọ́, nìkan ló fi sílẹ̀.

Mo ní, "Èéṣe tó o fi pa á rẹ́?"

Ó ní, "Ọkọ̀ kan kì í jẹ́ orúkọ méjì. Bí a ti ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wa nìyẹn."

Ọmọbìnrin wa ló ń ṣe é fún. Òun nìkan ṣoṣo la bí. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti kékeré, torí pé bó bá ru omi, ẹ̀kán kan kì í ta sílẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti fọ́ nígbà náà, ó ti kó ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá wa nílé, ó sì ń wáṣẹ́. Oko adìyẹ kan ń wá ẹni tí yóò máa gbé ẹyin lọ fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àmọ́ wọ́n ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó ní, "Ẹnì kan péré ló lo ọkọ̀ yìí rí. Bàbá arúgbó kan ni, ilé ìjọsìn nìkan ló máa ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó fi sípánà kàn án."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀rín má bàa pa mí, ọwọ́ mi tí iná jó kò tíì san tán. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ gbé àyà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbá èèyàn mọ́ra.

Nígbà tí ikọ́ wá dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó pè mí sún mọ́ ibùsùn. Ó ní, "Má sọ fún un o. Agbára mi ò ká odidi, àmọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé odidi ni bàbá òun fún òun." Mo ní mo ti gbọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi lọ.

Kí n má parọ́, ọkọ̀ náà ṣe bí ọkọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń jáde láràárọ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tó kọ̀ tó ní òun ò jí. Ẹ̀ẹ̀kan ni Jẹ́jẹ́ máa ń yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó wà ládùúgbò ń wúkọ́, wọ́n ń fokùn fà wọ́n lọ, wọ́n ń fokùn fà wọ́n bọ̀; tiwa á rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Bí kò bá ṣe táyà, òróró ẹ́ńjìnì tàbí bátìrì, kò sí ohun tí à ń pààrọ̀ lára rẹ̀. Jẹ́jẹ́ á fọwọ́ lù ú lẹ́yìn bí ẹni ń lu ẹṣin, á ní, "Ọkọ̀ tí bàbá mi fún mi ò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù."

Bó sì ti ń wà á, bí ẹni ń gbé ọmọ jòjòló ni. Bó bá kó ẹyin dé, àwọn tó ń ka ẹyin kì í rí fífọ́ kà. Ẹlẹ́nu kan wà láàárín àwọn alábúrẹ́dì yẹn, ojoojúmọ́ ló ń bá a ṣeré. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé e, mo fetí ara mi gbọ́ ọ.

Ó ní, "Jẹ́jẹ́! Ìgbín kan kọjá níbí láìpẹ́. Ó ní kí n bá òun kí ẹ, pé òun rí ẹ lẹ́yìn."

Ọmọ mi ní, "Ìgbín ò gbé ẹyin ẹlẹ́yin sẹ́yìn. Bó bá gbé ẹyin, kó wá ka fífọ́ ẹ̀ fún wa."

Ó ní, "Bóo bá ń rìn báyìí, àwọn ẹyin yìí á pa kó o tó dé!"

Ó ní, "Bí wọ́n bá pa, màá ta adìyẹ fún ẹ. Já wọn sílẹ̀, ọ̀gbẹ́ni."

Báyìí la ṣe wà o. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ọkọ̀ náà jẹ́ méjì rí.

Lọ́jọ́ kan, mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi ni mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn tó ṣe irú píkọ́ọ̀pù yẹn ń pe àwọn kan padà nínú wọn. Irin tó so sítíárìn mọ́ táyà iwájú, wọ́n ní wọn ò sè é jinná nínú iná ìléru lọ́dún kan báyìí, pé ó lè dá nígbàkígbà. Kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbé e wá nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn á bá a pààrọ̀ irin náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wá dárúkọ ọdún náà.

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Mo fi ìka ka ọdún náà, mo tún un kà. Ọdún tí ọmọ tí mò ń rán aṣọ rẹ̀ yìí wá sáyé ni.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ tibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Èmi náà gbọ́ ọ. Tiwa kọ́ ni wọ́n ń sọ. Tiwa fi ọdún méjì ju ìyẹn lọ, ó wà nínú ìwé ẹ̀."

Mo ní, "Ṣáà jẹ́ ká lọ béèrè."

Ó ní, "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin náà ti di mẹkáníìkì?"

Mo ní, "Ìyàwó mẹkáníìkì ni mí. Gbé mi lọ."

Mo rò ó pé bí a bá débẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí irin náà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, kò ní sídìí fún mi láti la ẹnu. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ mi bọ́ nínú ewu, kí bàbá rẹ̀ náà má sì tẹ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ mú méjèèjì.

Ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Dígí ni gbogbo iwájú rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ kí n má bàa yọ̀. Wọ́n fún wa lómi nínú ife pépà. Ọmọge kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ọkọ̀ wa sì dúró níta gan-an, ó kọjú sí wa láti ara dígí.

Ọmọge náà ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín wá."

Jẹ́jẹ́ jáde, ó kọ ọ́ wá. Ọmọge náà ń tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Mo ń wo kọ̀ǹpútà náà, mo ń wo ọkọ̀ wa.

Ó ní, "Ọkọ̀ yín ò sí lára àwọn tí à ń pè, mà. Kò ní ìṣòro kankan."

Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ yìí wò ó dáadáa? Ṣé ó wo iwájú ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó wò ó mà. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí."

Jẹ́jẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn."

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wà nínú oyún, mo bá a lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan lé e níkùn, mo sì fojú ara mi rí ọmọ-ọmọ mi tó ká ẹsẹ̀ kò nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tó rí ọmọ nínú ìyá rẹ̀, ṣé kò ní rí irin lábẹ́ ọkọ̀? Mo rò pé kọ̀ǹpútà yẹn kọjú sí dígí nítorí kó lè máa wo ọkọ̀ ni. Mo ní nínú ara mi pé bó bá jẹ́ pé irin náà ò dáa, ì bá ti sọ. Bó sì bá rí ibi tí a ti jó o pọ̀, ó ti bá wa bò ó. Ọkàn mi rọlẹ̀ bí omi inú àmù. Nígbà tí à ń darí lọ sílé, mo kọrin.

Oṣù méjì kọjá.

Ẹnì kan wà tí à ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Nínú àwọn ọmọṣẹ́ ọkọ mi, òun ló kọ́kọ́ gba òmìnira. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún báyìí, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó yà wá kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá Kékeré, ikùn yìí ńkọ́? Ìgbà wo la máa gbọ́ ohùn ìkókó?"

Ó ní, "Ìyá wa, ìbejì ni wọ́n ní ó jẹ́." Ó jókòó, àga ké. "Ẹ ti gbọ́ tàwọn píkọ́ọ̀pù yẹn? Irin méjì mìíràn tún ti dá. Ọ̀kan dá lórí afárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yìí! Bí èmi bá so bóòtù tí kò fún, oníbàárà á wá ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù, á pè mí ní òmùgọ̀. Àwọn yẹn, wọ́n á ṣe irin tí kò jinná, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ gbé e wá nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Mo ní, "A dúpẹ́ pé tiwa ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ wọn wò ó."

"Ẹ̀rọ wo, Ìyá wa?"

"Èyí tó wà lórí tábìlì. Ó wò ó látinú dígí, ó ní kò ní nǹkan kan."

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà? Ìyẹn ò lójú, Ìyá wa! Nọ́ńbà ló ń wò. Bí ìwé tí olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé ni. Wọ́n pe orúkọ, ọmọ ní òun wà níbí, wọ́n fa igi sí i. Bóyá ara ọmọ náà gbóná, bóyá ó tutù, ìwé ò mọ̀."

Mo di apá àga mú.

Ó ní, "Ìyá wa, kí ló dé? Ara yín ò yá?"

Mo ní, "Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni."

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́ kọ́ nìyẹn, àmọ́ ibẹ̀ ló dùn mí jù. Bí mo bá sọ ọ́ fún un níbi tó jókòó sí yẹn, ì bá dúró de Jẹ́jẹ́, ì bá gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, kì bá jẹ́ kó fi táyà kan ilẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ní nínú ara mi pé kò dáa kí ará ìta gbọ́ àṣírí ọkọ mi ṣáájú ọmọ rẹ̀. Àti pé ọkọ mi ni ọ̀gá rẹ̀. Báwo ni màá ṣe tú aṣọ ọ̀gá lójú ọmọṣẹ́? Mo jẹ́ kó mu omi, mo jẹ́ kó lọ. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Jẹ́jẹ́ dé nígbà tí oòrùn wà láàárín orí. Ó ti já gbogbo ẹyin ọjọ́ náà, àwọn páálí òfo nìkan ló kù lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń kó wọn lérí ara wọn. Mo lọ bá a níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kó kí mi.

Mo ní, "Jẹ́jẹ́, ọkọ̀ méjì ni ọkọ̀ yìí."

Ó ní, "Ọkọ̀ méjì báwo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìdí páálí yìí mú."

Mo di ìdí páálí náà mú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti igi tí wọ́n fi kọlù, mo sọ ti èyí tó jóná, mo sọ ti okùn ìwọ̀n, ti àpò tútù àti fáìlì. Mo ní iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń pè lórí rédíò, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ la sì lọ kà fún wọn. Ó dúró, ó ń gbọ́.

Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe é?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Ọdún mẹ́sàn-án, Màámi."

"Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ó fẹ́ kó o mọ̀ pé odidi lòun fún ẹ."

Ó jókòó sórí ìdí ọkọ̀ náà, ó fi apá nu ojú. Ó ní, "Ta ló béèrè odidi lọ́wọ́ ẹ̀? Bó bá sọ fún mi pé ìdajì méjì ni, ṣé mi ò ní gbà á ni? Bàbá tó ń wúkọ́, tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sùn sábẹ́ irin nítorí mi, ẹ wá fi bàbá arúgbó onílé ìjọsìn bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn lẹ ò jẹ́ kí n mọ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹkún ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Mo sì máa ń ṣàdúrà fún bàbá arúgbó yẹn o!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Ó ní, "Ó dáa. Màá gbé e lọ lọ́la, màá sọ fún wọn bó ṣe jẹ́."

Mo ní, "Lọ́la kẹ̀? Lọ nísinsìnyí."

"Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Mo ní, "Oúnjẹ ò ní sá lọ. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn wọn, lọ. Mi ò fẹ́ kí irin yẹn bá wa sùn mọ́jú. Mo ti gbé e sínú fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò lè gbé e di ọ̀la."

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dákẹ́ látọjọ́ yìí, ẹ wá ń kánjú." Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó ti ju kọ́kọ́rọ́ sórí páálí. Èmi ni mo mú un tí mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kó rọra. Ó ní, "Ẹ ń sọ fún Jẹ́jẹ́ pé kó rọra?" Ó gun ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló yí i, ó jí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ yẹn, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù rí i. Wọ́n ní kò sáré, wọ́n ní àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fọn fèrè sí i pé kó kúrò lọ́nà. Wọ́n ní ńṣe ni táyà iwájú kan dédé yí síta bí ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó fẹsẹ̀ rọ́, ọkọ̀ náà sì gba iwájú típà akóyanrìn tó ń gòkè bọ̀ lọ. Wọ́n rí i tó ń yí sítíárìn. Wọ́n ní ó ń yí i, ó ń yí i, táyà ò dá a lóhùn.

Wọ́n rí nọ́ńbà Ọ̀gá Kékeré nínú fóònù rẹ̀, òun ni wọ́n pè. Òun ló wá sọ fún mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àtẹ́rígbà mú, kò wọlé. Àga tó jókòó lé láàárọ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. Èmi tí ọkọ mi fi ọmọ kan ṣoṣo tì lọ́wọ́, èmi ni mo sin ín. Mi ò ní sọ ti ọjọ́ yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọkùnrin kan tó wá láti ilé-iṣẹ́ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé a ní kó bọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn." Ọmọ-ọmọ mi gbé àga fún un, ó sì jókòó tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, kì í jìnnà sí mi, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọkùnrin náà ní àwọn ti yẹ ọkọ̀ náà wò. Irin náà, àwọn làwọn ṣe é, ibi tí kò ti jinná gan-an ló ti dá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sí lára àwọn tí àwọn pè. Ẹnì kan ti jó ọkọ̀ méjì pọ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi ni. Èmi ni mo bá a di okùn mú."

Ó gbójú sókè wò mí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́, mà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yín kì í ṣe ọkọ̀ tí àwa ṣe mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dùn yín."

Mo ní, "Èyí tó ni iwájú yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ pe òun?"

Ó ní, "A pè é. Àmì kékeré kan wà lára àpótí sítíárìn tí fáìlì ọkọ yín ò dé, òun la fi mọ̀ ọ́n. A kọ̀wé sí ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ó fèsì pé ọkọ̀ náà ti jóná tipẹ́. A fi ìlà pupa fà á nínú ìwé wa, a kọ síwájú ẹ̀ pé ó ti parun."

Ó ti parun. Ó ti kú nínú ìwé wọn, nígbà tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ ń gbé ẹyin kiri lójoojúmọ́, tí ọmọ mi ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn.

Ó ní nígbà tí àwọn irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá, àwọn kọ ìwé kejì sáwọn tó kù. Ìwé náà wà nínú báàgì rẹ̀. Mo ní kó kà á fún mi.

Ó ní, "Mà, kì í ṣe dandan."

Mo ní, "Bá mi kà á. Mo lè ka nọ́ńbà, àmọ́ ìwé gígùn máa ń ṣe mí lójú."

Ó kà á. Ìkíni ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti le ju bí àwọn ti rò tẹ́lẹ̀. Ó wá dé ibì kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ yìí mọ́ rárá, kódà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ pè wá. Àwa fúnra wa ni a ó wá gbé e nílé yín."

Mo ní, "Tún ibẹ̀ kà."

Ó tún un kà.

"Kódà dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kódà dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo ní, "Èmi ò gbọ́ ìyẹn lórí rédíò."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìwé nìkan la fi ránṣẹ́, mà. Àwọn tó kù nínú ìwé wa ò pọ̀ mọ́."

Ọmọ-ọmọ mi yí ojú sí mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, Mọ́mì kì í jáde mọ́ bó bá ti já ẹyin tán. Ta ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọkùnrin náà wò mí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo lè fi bo ara mi. Mo lè ní iṣẹ́ ló pè é. Mo lè ní mi ò mọ̀.

Mo ní, "Èmi ni. Ó fẹ́ lọ lọ́la. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́."

Ọmọ-ọmọ mi ṣì ń wò mí. Kò sunkún, kò sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ìdérí kálàmù rẹ̀ tó bọ́ sábẹ́ àga.